Ìdíje họ́kì gbogbo ìpínlẹ̀ ní Íńdíà: kí ló gbé e dúró láti 1928, kí ni Àkúrẹ́ lè rí mú níbẹ̀?

Tíṣà Ọ̀bà-Ilé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà pápá. Ilé-ìwé girama mẹ́jọ ní Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdíje họ́kì ọlọ́dọọdún. A ń ṣe ìwé ètò kékeré tí a máa pín fún àwọn ọmọ, a sì fẹ́ kí ojú ìwé méjì nínú rẹ̀ sọ ìtàn ìdíje kan tó ti pẹ́ dáadáa, kí wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n ń ṣe kì í ṣe eré àkókò kan lásán. Ti Íńdíà ni a mú.

Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ ni pé ọdún tí à ń rí ò bára mu. Ibì kan ní 1895 ni ó bẹ̀rẹ̀, ibòmíràn ní 1928, ibòmíràn tún ń ka á láti 2011. Èwo ni òótọ́? Kí ló sì mú kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Bákan náà, ẹ jọ̀ọ́, àwọn òfin wo ló ti yí padà? Ìwé òfin tó wà lọ́wọ́ wa ti gbó, a ò fẹ́ fi òfin àná kọ́ ọmọ òní. Bí ẹnì kan bá sì mọ bí a ṣe ń fa ìlà pápá láìsí irinṣẹ́ olówó gọbọi, ẹ bá wa dá sí i.

Ọmọ Ekímọ̀gún

Tíṣà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ́ òótọ́. Ìdíje tí ọdún kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí ló yàtọ̀.

1895 ni ti ife Beighton, ní Kolkata, ìlú tí wọ́n ń pè ní Calcutta nígbà náà. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbé họ́kì dé Íńdíà, Kolkata sì ni ẹgbẹ́ agbáhọ́kì ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní nǹkan bí 1885. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ T. D. Beighton ló fi ife náà tọrẹ, ẹgbẹ́ Naval Volunteers ló sì kọ́kọ́ gbé e lọ. Ìdíje ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá pè láti ìhà èyíkéyìí ní Íńdíà lè wá: ti kọ́sítọ́ọ̀mù, ti rélùwéè, ti ọmọ ogun, títí kan àwọn ẹgbẹ́ Kolkata bíi Mohun Bagan tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ní 1896 ni ife Aga Khan tẹ̀lé e ní Bombay. Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ pé “ọ̀kan lára àwọn ìdíje họ́kì tó pẹ́ jù lágbàáyé”, Beighton ni gbólóhùn yẹn tọ́ sí.

1928 ni ti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, òun sì ni mo rò pé ẹ̀ ń wá. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí, torí ìdáhùn sí ìbéèrè yín kejì wà nínú bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1925 ni wọ́n dá Indian Hockey Federation sílẹ̀ ní Gwalior. Ọdún tó tẹ̀lé e, ikọ̀ ọmọ ogun Íńdíà lọ sí New Zealand, wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 21, wọ́n borí nínú 18, wọ́n sì jẹ góòlù 192. Nígbà tí Òlíńpíìkì Amsterdam ń bọ̀ ní 1928, àjọ náà fẹ́ rán ikọ̀ lọ. Wàhálà tó wà nílẹ̀ ni pé orílẹ̀-èdè fẹ̀ bí òkun, kò sí ẹni tó lè jókòó sí ìlú kan kó mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù káàkiri. Ni wọ́n bá pe àwọn ìpínlẹ̀ jọ sí Calcutta. Márùn-ún ló dáhùn: United Provinces, Bengal, Punjab, Rajputana àti Central Provinces. United Provinces ló borí, Dhyan Chand, ọmọ ogun tó di ìlúmọ̀ọ́ká agbáhọ́kì, sì wà láàárín wọn. Inú ìdíje yẹn ni wọ́n ti ṣa ọ̀pọ̀ lára àwọn tó lọ sí Amsterdam. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún ni wọ́n gbá níbẹ̀, góòlù 29 ni wọ́n jẹ, ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹyọ kan lọ́rùn wọn. Dhyan Chand nìkan jẹ 14. Nínú àṣekágbá, 3-0 ni wọ́n na Netherlands.

Nítorí náà ìdíje yìí ti ní iṣẹ́ kan pàtó láti ọjọ́ àkọ́kọ́: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ẹni tó máa wọ aṣọ orílẹ̀-èdè. Lójú tèmi, ohun tó gbé e dúró nìyẹn ju owó lọ. Ọmọ Punjab tàbí ọmọ Bengal mọ̀ pé tí òun ò bá sí níbẹ̀, ó ṣòro kí wọ́n rí òun. Wọ́n tún lo ìdíje náà ṣáájú Òlíńpíìkì 1932 àti 1936. Ìgbà méjèèjì yẹn ni iṣẹ́ ológun ò jẹ́ kí Dhyan Chand ráàyè wá, àjọ sì mú un láìdán an wò mọ́. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé yín, kí àwọn ọmọ mọ̀ pé torí ohun tó ti fi hàn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ní láti wá gbá a lójú gbogbo ènìyàn.

Ohun tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ lẹ́yìn ìrìnàjò ikọ̀ Íńdíà sí New Zealand ní 1935 ni asà kan tí wọ́n ń pè ní Maori Shield. Nígbà tí ilẹ̀ náà pín sí méjì ní 1947, ọ̀dọ̀ Pakísítánì ni asà yẹn kù sí, kò sì padà wá. Ìwé ìròyìn The Hindu ti Madras àti ìwé eré ìdárayá rẹ̀ ló wá fi ife mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 1951, wọ́n sì fi orúkọ Rangaswami, olóòtú ìwé ìròyìn náà, pè é. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa rí i tí àwọn àgbà ń pe ìdíje yìí ní ife Rangaswami.

Ó ku 2011. Ní 2008, Íńdíà kùnà láti dé Òlíńpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1928. Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Íńdíà dá àjọ àtijọ́ yẹn dúró, wọ́n sì dá Hockey India sílẹ̀ ní 2009. Àjọ tuntun gbé ìdíje ìpínlẹ̀ tirẹ̀ kalẹ̀ ní 2011, ó sì bẹ̀rẹ̀ kíkà láti oókan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èyí tí wọ́n gbá ní Jhansi ní 2025 ń jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ti ń lọ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ kọ 1928 gẹ́gẹ́ bí orísun, kí ẹ wá fi 2011 hàn gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ìṣàkóso yí padà. Ẹ má da méjèèjì pọ̀.

Akọ̀wé Pápá, Ondó

Ẹ̀gbọ́n Ekímọ̀gún ti là á yé wa. Mo fẹ́ fi nǹkan méjì kún un.

Àkọ́kọ́, ẹ má gbàgbé ẹni tó ń bọ́ àwọn agbáhọ́kì náà. Tí ẹ bá wo orúkọ àwọn tó ń borí láti àkókò yẹn wá, ẹ máa rí rélùwéè àti ikọ̀ ológun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìpínlẹ̀. Iléeṣẹ́ wọ̀nyí ń gba ènìyàn síṣẹ́ nítorí họ́kì, wọ́n ń san owó oṣù fún un, ó sì ń fi àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ gbá. Agbáhọ́kì kò ní láti yan láàárín oúnjẹ àti ọ̀pá rẹ̀. Àmọ́ ó ní ibi tó ń dun àwọn ìpínlẹ̀: ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà, iléeṣẹ́ a mú un lọ, a sì fi í na ìpínlẹ̀ tó bí i. Nítorí èyí ni Hockey India fi ya ìdíje àwọn iléeṣẹ́ sọ́tọ̀ ní 2021. Ní 2025, wọ́n tún pín ti ìpínlẹ̀ sí ìpele mẹ́ta. Ẹni tó bá gbẹ́yìn lókè a sọ̀kalẹ̀, ẹni tó bá ṣe dáadáa nísàlẹ̀ a gòkè. Ṣáájú ìyẹn, ìpínlẹ̀ tí họ́kì ò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀ lè bọ́ sí abẹ́ Punjab, kí wọ́n jẹ góòlù tó lé ní ogún lọ́rùn wọn. Kò sí ọmọ tó ń kọ́ nǹkan kan nínú irú ìyà bẹ́ẹ̀. Tíṣà, ẹ fi èyí sọ́kàn tí ẹ bá ń pín àwọn ilé-ìwé yín sí ọ̀wọ́.

Ẹ̀kejì, ẹ so ó mọ́ tilé wa. Ìdíje Eré Ìdárayá Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1973, láti fi so orílẹ̀-èdè pọ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé, họ́kì sì wà lára àwọn eré tí à ń figagbága níbẹ̀. Ní 1973, kò tíì sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Abẹ́ Western State ni Àkúrẹ́ wà. Oṣù kejì 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, nítorí náà ti Kaduna ní 1977 ni àkọ́kọ́ tó wáyé lẹ́yìn tí a dá dúró. Èkìtì ṣì wà pẹ̀lú wa títí di oṣù kẹwàá 1996. Bí ẹ bá ń wá orúkọ agbáhọ́kì ìpínlẹ̀ wa àtijọ́ nínú àkọsílẹ̀, ẹ rántí pé àwọn ọmọ Adó àti Ìkẹ́rẹ́ wà lára wọn.

Ẹ wo ibi tí tiwa ti ń já. Lẹ́yìn Èkó 2012, ó di oṣù kejìlá 2018 ní Àbújá kí òmíràn tó wáyé, torí pé Calabar tó yẹ kó gbà á lálejò ní 2014 ò lè ṣe é. Ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ẹrù, nígbà tí apá rẹ̀ ò sì ká a, gbogbo orílẹ̀-èdè jókòó fún ọdún mẹ́fà. Ọmọ tó wà ní ọdún mẹ́tàdínlógún ní 2012 ti pé mẹ́tàlélógún ní 2018. Ẹ má fi ìdíje yín sọ́wọ́ ilé-ìwé kan. Ẹ ní pápá kejì tó ti múra tán lọ́dọọdún, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ètò kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Rẹfirí Ìjàpọ̀

Ọ̀rọ̀ òfin ni mo wá sọ. Tíṣà, bí ìwé yín bá ní offside nínú, ẹ gbé e kalẹ̀. Wọ́n dán yíyọ rẹ̀ wò ní 1996, wọ́n sì pa á rẹ́ pátápátá ní 1998. Ẹni tó ń wá góòlù lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gólì bó bá wù ú.

Àwọn ibi tí mo ṣì ń rí àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń fi òfin àtijọ́ fọn fèrè nìyí:

Bí ẹni tó ń ṣọ́lé bá ṣèèṣì gbá bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ ṣì ń gbé e lọ sí igun pápá. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Orí ìlà mítà mẹ́tàlélógún (èyí tó jìn tó bẹ́ẹ̀ sí ìlà ẹ̀yìn) ni wọn yóò gbé e sí, kó bá ibi tí bọ́ọ̀lù gbà jáde mu gbọọrọ. Bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbá a jáde ni, penalty corner ni (mo ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀).

Láti 2009, ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ìjìyà (free hit) lè gbé e fún ara rẹ̀. Kò dìgbà tó bá fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Àmọ́ bí ó bá wà láàárín ìlà mítà mẹ́tàlélógún ti alátakò, bọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ wọ D (àyíká tí a fi ìlà yí ká níwájú góòlù) àyàfi tó bá ti rìn ó kéré tán mítà márùn-ún, tàbí tí ẹlòmíràn ti fọwọ́ ọ̀pá kàn án. Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti ń pọ̀ jù ní ìdíje ọmọ ilé-ìwé. Ẹ kọ́ wọn dáadáa.

Àkókò: ìdá mẹ́rin, ìṣẹ́jú 15 fún ìdá kọ̀ọ̀kan. Ìsinmi ìṣẹ́jú 2 lẹ́yìn ìdá kìíní àti ìkẹta, ìṣẹ́jú 5 ní ìlàjì. Ìṣẹ́jú 35 lẹ́ẹ̀mejì ti àtijọ́ ti kọjá lọ.

Káàdì: ewé ni ìṣẹ́jú 2 níta, ìyeyè ó kéré tán 5, pupa ò padà wọlé mọ́. Ní gbogbo ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn, ẹgbẹ́ rẹ̀ dín kan.

Penalty corner: ẹni márùn-ún péré ló ń ṣọ́lé, gólì wà lára wọn, àwọn yòókù á lọ sẹ́yìn ìlà àárín pápá. Ẹni tó ń tì í síta dúró sórí ìlà ẹ̀yìn, ó kéré tán mítà 10 sí òpó. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú D kí ẹnikẹ́ni tó gbá a sílé. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi agbára lù ú ni, ìlù àkọ́kọ́ ò gbọdọ̀ ga ju pákó ẹ̀yìn ilé lọ, ìyẹn 46 sẹ̀ǹtímítà, nígbà tó bá ń kọjá ìlà góòlù. Bí ó bá wọ́ ọ tó sì jù ú láìlù ú, ó lè ga jù bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti léwu.

Láti 2019, kò sí ẹni tó ń jẹ́ “gólì aláìníhámọ́ra” mọ́. Yálà kí gólì wọ ohun ààbò pé, kó ní àṣíborí lórí, tàbí kí ẹgbẹ́ náà gbá a láìní gólì rárá. Ọmọ tó kàn wọ páàdì ẹsẹ̀ láìsí àṣíborí ò gbọdọ̀ dúró sílé. Bọ́ọ̀lù họ́kì wúwo tó gíráàmù 156 sí 163, ó sì le bí òkúta. Lórí ìyẹn, rẹfirí ò gbọdọ̀ gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ohun kan tó so mọ́ ìtàn: títí di 1972, gbogbo Òlíńpíìkì tí Íńdíà lọ láti 1928 ni wọ́n ti gba àmì ẹ̀yẹ. Ní Montreal ní 1976, wọ́n kọ́kọ́ gbá họ́kì Òlíńpíìkì lórí koríko àtọwọ́dá, Íńdíà ṣe ipò keje. Lórí koríko gidi, bọ́ọ̀lù ń fò, ó ń yà, ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀, tó lè dá a dúró kó sì fi í tan ènìyàn, ló lógo. Lórí koríko àtọwọ́dá, bọ́ọ̀lù ń sáré tààrà, eré sísá àti agbára ìlù ló kù. Ìdíje abẹ́lé wọn ṣì wà lórí koríko fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, ohun tí ọmọ fi ń dára nílé ò wá bá ohun tí wọ́n ń bi í níta mu mọ́. Wọ́n gba wúrà ní 1980 ní Moscow, ó sì di Tokyo kí wọ́n tó tún rí idẹ gbà.

Tíṣà Ọ̀bà-Ilé

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. 1928 la máa kọ. Pápá tí a ní jẹ́ ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó gùn tó mítà 100, ó sì fẹ̀ tó 62. Koríko gidi ni. Báwo la ṣe máa fa ìlà họ́kì sínú rẹ̀? Ẹgbẹ́ mẹ́jọ, pápá kan ṣoṣo, ọjọ́ mélòó ló máa gbà?

Màmá Pápá, Ìsìkàn

Tíṣà, pápá yẹn gbà á, ó tún ṣẹ́kù. Ẹ wá okùn tí kì í fà (ẹ má lo ọ̀rá tó ń nà), tépù mítà 50, èèkàn bí ogún, ẹfun lúbúlúbú àti ènìyàn mẹ́rin. Ẹ má lo símẹ́ǹtì, ẹ má sì lo láìmù tútù tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò: ó ń jó awọ ara, ọmọ tó bá ṣubú lé e lórí á gbọgbẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ fa ìlà ẹ̀gbẹ́ kan, mítà 91.40, ní ìdojúkọ àríwá sí gúúsù bó bá ṣeé ṣe, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má baà wọ gólì lójú. Ní igun rẹ̀, ẹ fi okùn ṣe onígun mẹ́ta: mítà 9 lórí ìlà ẹ̀gbẹ́, 12 sí ìhà ìlà ẹ̀yìn, kí èyí tó so wọ́n pọ̀ jẹ́ 15 géérégé. Bó bá jẹ́ 15, igun yẹn ti tọ́. Ẹ wá fa ìlà ẹ̀yìn dé mítà 55. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní igun kejì, kí ẹ sì so òdìkejì pọ̀. Kí ẹ tó da ẹfun kankan, ẹ wọn igun sí igun níbùú: méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 106.67. Bí ọ̀kan bá gùn ju ìkejì lọ, pápá ti wọ́, ẹ padà sí onígun mẹ́ta yẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí, wọ́n á ti da ẹfun tán kí wọ́n tó rí i pé D apá ọ̀tún kò bá ti òsì mu.

Ìlà àárín wà ní mítà 45.70 sí ìlà ẹ̀yìn. Ìlà tí à ń pè ní mítà mẹ́tàlélógún wà ní 22.90 gan-an.

D ló nílò sùúrù. Àárín ìlà ẹ̀yìn wà ní mítà 27.50. Ẹ wọn 1.83 sí ọ̀tún, 1.83 sí òsì, ibẹ̀ ni inú òpó méjèèjì yóò dúró, 3.66 láàárín wọn. Ẹ kan èèkàn mọ́ ojú òpó kọ̀ọ̀kan, ẹ so okùn mítà 14.63 mọ́ ọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà ẹ̀yìn níta, ẹ yí i wá síwájú títí tí okùn yóò fi dúró gbọọrọ níwájú òpó. Ẹ ṣe ti ìkejì, kí ẹ wá fi ìlà tààrà mítà 3.66 so orí méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá fi èèkàn kan ṣoṣo sí àárín góòlù tó sì yí odindi ìdajì òbíríkítí, D rẹ̀ kò tọ́. Láti yẹ̀ ẹ́ wò: ẹsẹ̀ D sí ẹsẹ̀ D lórí ìlà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 32.92.

Mítà 5 síta D, ẹ fi ìlà gígé-gígé yí i ká. Àmì pẹ́náàtì wà ní mítà 6.40 níwájú àárín góòlù. Lórí ìlà ẹ̀yìn, ẹ fi àmì sí mítà 5 àti mítà 10 sí òpó, ní ọ̀tún àti òsì. Fífẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.5. Àpapọ̀ ìlà tó gùn gbọọrọ, láìka èyí tó gé, jẹ́ nǹkan bíi mítà 557, ẹ fi èyí díwọ̀n ẹfun tí ẹ máa rà, kí ẹ sì ṣe àlékún rẹ̀, torí òjò kan ṣoṣo lè fọ gbogbo rẹ̀ lọ.

Ilé góòlù, ẹ gbé e fún wẹ́dà: fífẹ̀ 3.66, gíga 2.14, irin tí ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Òpó ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ò ṣeé lò, ìlọ́po méjì ni fífẹ̀ rẹ̀. Pákó ẹ̀yìn gùn 3.66, ó ga 46 sẹ̀ǹtímítà. Ti ẹ̀gbẹ́ gùn mítà 1.20, gíga kan náà. Kí káfíńtà kan ìṣó láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí orí rẹ̀ má yọ sí ibi tí gólì ń ṣubú sí. Ẹ so àwọ̀n mọ́lẹ̀ pinpin, torí bí bọ́ọ̀lù bá gba abẹ́ rẹ̀ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ìjà ló máa dá sílẹ̀.

Koríko, ẹ gé e kó kúrú bí ìbú ìka méjì ó pẹ́ jù, ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ sì kó èyí tí ẹ gé kúrò. Koríko gígé tó bá gbẹ sórí pápá ń yí bọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà. Ihò gbogbo ni kí ẹ dí, kí ẹ sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é fún ọmọkùnrin nìkan. Ní Íńdíà náà, àwọn obìnrin ní ìdíje gbogbo ìpínlẹ̀ tiwọn, ife tí wọ́n sì fi ọdún púpọ̀ gbà níbẹ̀ ni ti Lady Ratan Tata. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ojú ìwé méjì yẹn.

Akọ̀wé Pápá, Ondó

Ẹgbẹ́ mẹ́jọ: ọ̀wọ́ méjì, mẹ́rin-mẹ́rin. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà, ó di 12. Ìpele tó kángun sí àṣekágbá méjì, ipò kẹta kan, àṣekágbá kan. Àpapọ̀ 16. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan pẹ̀lú ìsinmi jẹ́ ìṣẹ́jú 69, ẹ fún un ní wákàtí kan àbọ̀. Mẹ́rin lójúmọ́: 7:30 àti 9:00 àárọ̀, 3:30 àti 5:00 ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi ọ̀sán gangan sílẹ̀ fún oòrùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi máa gbá mẹ́ta rẹ̀, kò sí ọmọ tó ń gbá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọjọ́ kẹrin ìsinmi, ọjọ́ karùn-ún ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ọjọ́ kẹfà ó parí. Ẹ má jẹ́ kí èyí tó lè já sí shoot-out (ẹnì kan sí gólì, láti fi yanjú ọ̀mì) bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin, ilẹ̀ Àkúrẹ́ ń yára ṣú ní oṣù kọkànlá.

Oṣù kọkànlá gan-an ni mo sì máa yàn. Òjò oṣù kẹfà, ìkeje àti ìkẹsàn-án máa sọ pápá di ẹrẹ̀. Bó bá sì di oṣù kìíní, ọyẹ́ ti mú ilẹ̀ le, bọ́ọ̀lù á máa fò sókè sí ojú ọmọ.

Ojúàmì: ìborí 3, ọ̀mì 1. Bí méjì bá dọ́gba, ẹ wo iye ìborí, lẹ́yìn náà àlékún góòlù, lẹ́yìn náà iye góòlù tí wọ́n jẹ, kí ẹ tó wo ẹni tó na ẹnìkejì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, wọ́n á ní ẹ ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Ife: kí ilé-ìwé tó gbà á buwọ́ lùwé, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà, oṣù kan ṣáájú ìdíje tó kàn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ orúkọ olúborí sára rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹ sì ní ìwé àkọsílẹ̀ lọ́tọ̀ ní ibi méjì. Ẹ ti rí bí asà Maori ṣe lọ. Ẹ sì pe àwọn tó ń ṣa ikọ̀ ìpínlẹ̀ kí wọ́n wá jókòó ní ọjọ́ karùn-ún àti ìkẹfà. Bí ọmọ kan ṣoṣo bá ti ibẹ̀ wọ ikọ̀ ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́dún àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ mẹ́jọ yẹn ò ní fẹ́ pa ti ọdún kejì jẹ.

Rẹfirí Ìjàpọ̀

Shoot-out tí akọ̀wé dárúkọ: ẹni márùn-ún láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní yíyípo. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà mítà mẹ́tàlélógún, gólì bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà góòlù, ìṣẹ́jú àáyá 8 péré láti ìgbà tí fèrè bá dún. Aago méjì lọ́wọ́ ènìyàn méjì, kí ẹni tó mú aago fọn fèrè tirẹ̀ nígbà tí 8 bá pé. Góòlù tó wọlé lẹ́yìn fèrè yẹn ò wọlé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dán an wò ní ìgbáradì, torí ẹni tí kò ṣe é rí máa ń lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin láti ronú.

Ẹ yẹ ọ̀pá wò kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ gba inú òrùka sẹ̀ǹtímítà 5.1 kọjá, kí ibi tó tẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Ọ̀pá tó ti là tàbí tó yọ ẹ̀gún, ẹ gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà, ẹ fún un ní òmíràn. Ọ̀pá mẹ́rin tó ṣẹ́kù lórí tábìlì akọ̀wé á tó.